Ewúrẹ́ ń yó, síbẹ̀ ó ń rù: èèpo ẹ̀gẹ́ àti iṣẹ́ tó ń lọ nínú ṣàkì

Ìyá kan tó ń ṣe gàrí ní Ìjù, nítòsí Àkúrẹ́, ló béèrè pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án ni mo ní. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́, torí kò wọ́n wa níbí. Wọ́n á jẹ ẹ́ yó, inú wọn á tóbi, ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn wọn yọ síta, irun wọn sì rí wúruwùru. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí kẹ́yìn kéré, ọ̀kan sì ní nǹkan bíi gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn. Lóṣù tó kọjá, òbúkọ ńlá kan já wọ ibi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́, kò pẹ́ tó fi ṣubú. A rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ó kú náà ni. Ẹnìkan ní àgbàdo ni kí n máa fún wọn, ẹlòmíràn ní kí n lọ ra abẹ́rẹ́ fítámì. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?”

Ìyá wa, ẹ kú àdánù òbúkọ yẹn. Ohun tó ń rú yín lójú ni pé ẹran ń yó, ó sì ń rù. Bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹ ń gbé èèpo yẹn fún gan-an, kò ní rú yín lójú mọ́. Ewúrẹ́ kọ́ lẹ ń bọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ṣàkì rẹ̀ lẹ ń bọ́, àwọn ló wá ń bọ́ ewúrẹ́. Ebi ló ń pa àwọn kòkòrò yẹn nínú ṣàkì tó kún dẹ́nu.

Ẹ wo inú ewúrẹ́ lórí pẹpẹ alápatà ní Ọjà Ọba. Ọ̀nà mẹ́rin ni àpòlúkù rẹ̀ pín sí. Ṣàkì ló tóbi jù, ara rẹ̀ rí bíi táwẹ̀lì. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn kéré, ojú rẹ̀ dà bí afárá oyin. Ẹ̀kẹta rí pélébé-pélébé bí ewé inú ìwé. Ẹ̀kẹrin nìkan ló jọ tiwa, òun nìkan ló ń sun omi kíkan tó ń da oúnjẹ. Kí oúnjẹ tó dé ẹ̀kẹrin yìí, ó ti lo ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ṣàkì. Ibẹ̀ gbóná tó nǹkan bíi 39 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, omi wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gàrí, tí ẹ sì mọ bí a ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú, ẹ ti mọ iṣẹ́ yìí ná: bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń kan nínú ike ni oúnjẹ ewúrẹ́ ṣe ń kan nínú ṣàkì.

Kò sí ẹran ọ̀sìn kan tí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè fọ́ okùn inú koríko sí wẹ́wẹ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí yìí ló lè ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń jẹ okùn àti sítáàṣì, oríṣi ásíìdì mẹ́ta ni wọ́n ń yọ síta: asẹ́tíìkì, ìyẹn gan-an tó wà nínú fíníkà, propióníìkì àti bútíríìkì. Ara ṣàkì ń fa ásíìdì wọ̀nyí sínú ẹ̀jẹ̀ ní tààrà, àwọn ló sì ń pèsè nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 agbára tí ewúrẹ́ ń lò. Propióníìkì máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ṣúgà. Ṣúgà tí ewúrẹ́ ń rí gbà láti inú ìfun kò tó nǹkan, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù fún un. Ọpọlọ ń fẹ́ ṣúgà, wàrà ń fẹ́ ẹ, ọmọ inú oyún náà sì ń fẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí abo ewúrẹ́ tó lóyún ìbejì fi lè dùbúlẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bí, bí oúnjẹ rẹ̀ kò bá dára: ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá tó ti fi pamọ́, ọ̀rá yẹn á sì pọ̀ ju agbára ẹ̀dọ̀ lọ.

Ní ti agbára, èèpo ẹ̀gẹ́ kò burú rárá, sítáàṣì kún inú rẹ̀. Ibi tó ti kùnà ni purotéènì. Bí a bá sá a gbẹ tán, purotéènì inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 4 sí 6 nínú 100 lọ. Àwọn kòkòrò inú ṣàkì nílò náítírójìn láti fi kọ́ ara tiwọn, inú purotéènì ni wọ́n sì ti ń rí i. Bí purotéènì oúnjẹ bá ti wálẹ̀ ju ìdá 7 tàbí 8 lọ, wọn ò lè bí sí i mọ́, iṣẹ́ wọn á sì fà. Oúnjẹ á jókòó sínú ṣàkì, kò ní dà bọ̀rọ̀, kò ní kúrò kí òmíràn lè wọlé. Ikùn ńlá tí ẹ ń rí nìyẹn. Oúnjẹ tí kò tètè dà ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá.

Ohun kejì wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Àwọn kòkòrò náà fúnra wọn ni ẹran tí ewúrẹ́ ń jẹ. Bí wọ́n ṣe ń bí sí i, àwọn kan ń tẹ̀ lé oúnjẹ lọ sínú àpòlúkù kẹrin, omi kíkan ibẹ̀ á pa wọ́n, ìfun á da wọ́n, purotéènì ara wọn á sì di ẹran ara ewúrẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú purotéènì tó ń dé ìfun ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko, láti ara wọn ló ti ń wá. Nítorí náà, bí wọn ò bá rí náítírójìn tó, ẹ̀ẹ̀mejì ni ewúrẹ́ pàdánù: oúnjẹ kò dà dáadáa, ẹran tí ì bá jẹ kò sì sí. Ara ewúrẹ́ pàápàá mọ̀ pé náítírójìn ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí amóníà, ìyẹn náítírójìn tó jáde lára purotéènì tó fọ́, bá pọ̀ nínú ṣàkì, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di yúríà, ewúrẹ́ á sì tọ apá kan rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n lásìkò ọ̀wọ́n, ó máa ń dá yúríà yẹn padà sínú ṣàkì, nípasẹ̀ itọ́ àti ara ṣàkì fúnra rẹ̀, kí àwọn kòkòrò lè tún un lò. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n a kì í fi ọgbọ́n ìṣúnlò sọ owó kékeré di púpọ̀.

Májèlé inú ẹ̀gẹ́ wá fi kún un. Ohun tó ń jẹ́ linamarin wà nínú ẹ̀gẹ́, ó sì pọ̀ nínú èèpo ju inú rẹ̀ lọ. Bí a bá gé èèpo, tí a rún un, tàbí tí ẹran jẹ ẹ́, linamarin á fọ́, sáyánáìdì, ìyẹn májèlé náà gan-an, á sì jáde. Bí sáyánáìdì yẹn bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ̀dọ̀ lè borí rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á so imí-ọjọ́ mọ́ ọn, á sọ ọ́ di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, kíndìnrín á sì tú u dànù sínú ìtọ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹ̀dọ̀ ti ń rí imí-ọjọ́? Inú purotéènì náà ni, lára àwọn èròjà bíi methionine àti cysteine. Ẹ wá wò ó: oúnjẹ tí kò ní purotéènì náà ló tún ń gba purotéènì lọ́wọ́ ẹran láti fi wẹ májèlé tirẹ̀ nù. Irun sì wà lára ohun tó ń jẹ imí-ọjọ́ jù nínú ara, ìdí nìyẹn tí irun àwọn ewúrẹ́ yín fi tètè bàjẹ́.

Gẹ̀gẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ yẹn bá èyí mu pẹ̀lú. Ohun tí ẹ̀dọ̀ sọ sáyánáìdì dà, tó ń jẹ́ thiocyanate, máa ń dí áyódíìnì, èròjà tí wọ́n ń fi sí iyọ̀, lọ́nà kó má lè wọ inú gíláǹdì ọrùn, gíláǹdì náà á sì wú. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ kàn án dáadáa kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n bí i mọ́ ọn, tó wà lókè nítòsí ọ̀nà ọ̀fun, tí ọmọ náà kò lókun, tí irun rẹ̀ kò sì pọ̀, gẹ̀gẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló yọ, lára ọmọ tó ń mu ọmú dáadáa tó sì ń dàgbà, gíláǹdì mìíràn ló wú níbẹ̀, á sì lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi oògùn tàbí abẹ ṣe èyí rárá.

Ní ti òbúkọ tó kú, mi ò lè wà níbí kí n sọ ohun tó pa á gan-an, àmọ́ ohun méjì ló yẹ ká fura sí. Àkọ́kọ́ ni sáyánáìdì. Nǹkan bí mílígíráàmù 2 sáyánáìdì fún kílò kan ara ẹran ti lè pa á bó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Òbúkọ kílò 25 kò nílò ju mílígíráàmù 50 lọ, kílò kan èèpo tútù ẹ̀gẹ́ kíkorò sì lè ní ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù mélòó kan. Ẹran tí ebi ń pa, tó ya wọ inú òkìtì èèpo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, lè jẹ iye yìí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe àwọn tó ń sọ pé kò sí ohun tí ewúrẹ́ kò lè jẹ wà. Ìjàǹbá sáyánáìdì yá lára ewúrẹ́ àti màlúù ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ, torí àwọn kòkòrò inú ṣàkì ló ń fọ́ linamarin kíákíá, tí sáyánáìdì fi ń jáde. Omi tí ń ṣàn jáde láti inú àpò gàrí tí ẹ fi jáàkì tẹ̀ burú bákan náà. Àmì rẹ̀ ni mímí hẹlẹhẹlẹ, títa gọ́ọ́gọ́ọ́, ìṣubú, àti èrìgì tó pọ́n rokoro. Ó ń pọ́n nítorí pé afẹ́fẹ́ ṣì kún inú ẹ̀jẹ̀, ara ni kò lè lò ó mọ́.

Ìkejì ni inú wíwú. Ìhà òsì ló máa ń yọ jáde, lẹ́bàá ìbàdí, tí yóò máa dún bí ìlù bí a bá fi ọwọ́ gbá a. Gáàsì ló há sínú ṣàkì, nígbà mìíràn nínú ìfófòó bíi ti ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ epo wọ ibí yìí. Epo kì í pa sáyánáìdì, yálà epo pupa tàbí òróró. Ṣùgbọ́n ó máa ń pa ìfófòó, gáàsì á sì rí ọ̀nà jáde. Nítorí náà, ẹran tí epo gbà, ó jọ pé inú rẹ̀ ló wú. Àwọn ènìyàn wá gbà pé epo ló pa májèlé. Bí inú ẹran bá wú, òróró tó 50 sí 100 mílílítà ti tó. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má gbé orí rẹ̀ sókè púpọ̀, ẹ fún un díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Bó bá ti ṣubú, tí kò lè gbé mì mọ́, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà á. Sáyánáìdì ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, sodium nitrite àti sodium thiosulfate. Imí-ọjọ́ tí ẹ̀dọ̀ ń wá ni thiosulfate ń gbé wá. Dókítà ẹran ló ń gún un sínú iṣan, àkókò tí a ní sì kéré débi pé ọgbà tí ẹ bá ṣe yí ibi ìbógẹ̀ẹ́ ká sàn ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká dé orí àgbàdo. Ẹni tó dámọ̀ràn rẹ̀ kò ní yín ní inú, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn àìsàn yín. Purotéènì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 8 sí 10, ó sàn ju èèpo lọ, kò sì tó fún ẹran tó ń dàgbà tàbí tó lóyún. Ó wọ́n, ènìyàn àti adìyẹ sì ń bá yín dù ú. Ewu rẹ̀ ni pé sítáàṣì rẹ̀ ń kan kíákíá jù. Bí ewúrẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n jẹ tẹ́lẹ̀ bá bá àpò àgbàdo ní ṣíṣí, irú kòkòrò mìíràn á gba inú ṣàkì, wọ́n á máa ṣe ásíìdì láktíìkì tí ara ṣàkì kò tètè fà. Itọ́ ewúrẹ́ ní ohun tó ń pa ìkan, bíi páúdà bíkábónéètì tí wọ́n ń fi sí kéèkì, ìdí rèé tí jíjẹ àpọ̀jẹ fi ṣe pàtàkì: bí ẹran ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ tó ni itọ́ ń wọlé tó. Àgbàdo kò nílò àpọ̀jẹ púpọ̀. Ṣàkì á kan jù, ẹran á gbuuru, á dùbúlẹ̀, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ méjì. Ìkìlọ̀ yìí kan èèpo ẹ̀gẹ́ tí a lọ kúnná náà.

Abẹ́rẹ́ fítámì kò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn kòkòrò inú ṣàkì ló ń ṣe fítámì B àti K fún ewúrẹ́. Fítámì A wà nínú ewé tútù. Bí dókítà bá gún B fún ẹran tí ṣàkì rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó ní ìdí. Ẹran tí ebi purotéènì ń pa, abẹ́rẹ́ kò lè pa ebi yẹn.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ ṣe wà ní àgbàlá yín. Ẹ má jáwọ́ nínú èèpo, ẹ tún un ṣe. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ ẹ̀gẹ́ àti jáàkì yín ti tó. Àwọn olùwádìí ILRI, ilé iṣẹ́ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ló sọ ọ̀nà yìí di iṣẹ́ tó gún régé. Ẹ yọ ìdí igi àti iyanrìn kúrò lára èèpo, ẹ lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bó o, ẹ rọ ọ́ sínú àpò, ẹ fi jáàkì tẹ omi rẹ̀ jáde, kí ó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Lílọ̀ yẹn ló ń mú kí linamarin fọ́, tí sáyánáìdì sì ń fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fọ́ ọ, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tapólì nínú oòrùn, tàbí kí ẹ yan án nínú agbada gàrí bí òjò kò bá jẹ́ kó gbẹ. Nǹkan bíi kílò 3 èèpo tútù ló ń di kílò kan. Ẹ fọ ẹ̀rọ dáadáa kí ẹ tó padà sórí gàrí ènìyàn. Bí ẹ kò bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ó wà ní òkìtì lábẹ́ ibòòji mọ́jú, kí ẹ tó sá a fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Sísá odidi èèpo lójú oòrùn gan-an kò dára tó bẹ́ẹ̀, torí ó ń gbẹ kí májèlé tó rí àyè jáde tán. Ẹ má sá a sí ẹ̀gbẹ́ títì o. Èyí tó bá sì hu ewú dúdú tàbí àwọ̀ ewé, ààtàn ni kó lọ, ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ ti ní iṣẹ́ tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá purotéènì. Ewé àgúnmáníyè ni màá kọ́kọ́ dárúkọ, torí ẹ lè fi igi rẹ̀ ṣe ọgbà yí ibi ìbógẹ̀ẹ́ ká. Bí a bá gbẹ ẹ́, purotéènì rẹ̀ tó 20 sí 25 nínú 100. Òórùn rẹ̀ kì í wu ewúrẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó rọ mọ́jú kí ẹ tó fún wọn. Ewé ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ẹ sá a gbẹ dáadáa nítorí sáyánáìdì. PKC, ìyẹn pàǹtí èkùrọ́ tí wọ́n ti fún àdín rẹ̀, ní 16 sí 18. Èérí ògì náà wúlò bó bá ṣì tuntun. Fún ewúrẹ́ kílò 20, tí oúnjẹ gbígbẹ rẹ̀ lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 600 sí 800, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 300 èèpo tí a ti tún ṣe, gíráàmù 750 ewé àgúnmáníyè tó rọ, àti gíráàmù 150 PKC, kí wọ́n sì rí koríko jẹ kún un. Àpapọ̀ purotéènì rẹ̀ á tó nǹkan bíi 13 nínú 100. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ sàmì sára abọ́, abọ́ lẹ ó máa lò lẹ́yìn náà. Iyọ̀ ṣíbí kékeré kan fún ẹran kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, èyí tó ní áyódíìnì, nítorí gẹ̀gẹ̀ yẹn. Omi mímọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ́n wọn.

Ẹ má ṣe é lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀ oúnjẹ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, torí àwọn kòkòrò inú ṣàkì gbọ́dọ̀ ráyè yí padà. Wọ́n á sọ fún yín pé yúríà ajílẹ̀ dínwó ju PKC lọ. Òótọ́ ni pé kòkòrò inú ṣàkì lè lò ó, ṣùgbọ́n bí àdàlù rẹ̀ kò bá dọ́gba, amóníà á pọ̀ ju ohun tí ẹ̀dọ̀ lè kó lọ, ẹran á gbọ̀n, á sì kú. Láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn ará Ìdànrè àti Oǹdó a máa bi mí nípa èèpo kòkó: ó ní theobromine tó ń da ọkàn ẹran láàmú, mi ò fẹ́ kó ju ìdá mẹ́wàá oúnjẹ lọ, ní gbígbẹ àti lílọ̀. Bí wọ́n bá ti fọ́n oògùn tó ní bàbà sí kòkó náà, ẹ má fún àgùntàn rárá, bàbà ń tètè pa á ju ewúrẹ́ lọ.

Ìhà kan wà tí oúnjẹ kò lè tún ṣe. Aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ewúrẹ́ rù bákan náà. Ẹ ṣí ìpéǹpéjú wọn ìsàlẹ̀ wò lójú ọ̀sán: bí inú rẹ̀ bá pọ́n, aràn kọ́ ni ìṣòro tó ga jù, bó bá funfun bí ìwé, tàbí tí abẹ́ àgbọ̀n wọn wú, ẹ pe dókítà ẹran kó wọn ìwúwo wọn kó sì fún wọn ní oògùn aràn tó bá a mu, kí ẹ tó náwó lé PKC. Ní ti ewúrẹ́ tí kò ní aràn, ẹ máa fi ọwọ́ kan eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀ dípò kí ẹ máa wo ikùn. Ikùn á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà, oúnjẹ ló ń dà. Ẹran tó máa bò eegun ẹ̀yìn máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n.